Bàtà Tí Ìyá Mi Bọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìjọsìn Àtijọ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Alderfield,
Eastbury, Barking,
Lọ́ńdọ̀nù.

Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Bélú, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrìn-àjò Afẹ́ Àwọn Àgbàlagbà,
Gbọ̀ngán Millbeck,
Dagenham.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ ṢE ÀTÚNṢE OHUN TÍ Ẹ KỌ NÍPA ÌYÁ MI, OLÓÒGBÉ ỌMỌ́ṢỌLÁ OYÈBÁNJÍ

1. Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá bí. Mo ń kọ̀wé yìí nítorí gbólóhùn kan tó wà nínú fáìlì yín, èyí tó sọ pé iyè ìyá mi ti ń ra, kò sì yẹ kó bá yín rìn láìsí olùtọ́jú. Gbólóhùn náà kì í ṣe òótọ́. Ìyá mi kú ní ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá. Àrùn ọkàn ló pa á. N kò sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀ nìkan ni mo bá wá.

2. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi gbé ní Barking. Méjìlélógún nínú rẹ̀ ló fi ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì láàárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló máa ń wọ̀, á sì ti kúrò níbẹ̀ kí àwọn tó ni ọ́fíìsì tó dé. Ilẹ̀ ìlú náà ló mọ̀, kò mọ ojú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ti ìdí ayé wá wo Afárá Tówà àti aago ńlá tó wà létí odò Tẹ́míìsì. Òun tí kò jìnnà sí wọn ju ìrìn wákàtí kan lọ, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ló ti máa ń rí wọn fìrí. Nígbà tí ẹ kéde ìrìn-àjò ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Òkúdù, òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Ó kọ ibi mẹ́fà sórí pépà kan: ilé ìjọsìn àtijọ́, Afárá Tówà, aago ńlá, ààfin ọba, gbàgede tí àwọn kìnnìún wà, àti ọgbà tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní èyí tí òun bá ti rí ni òun yóò máa sàmì sí.

3. Aládùúrà ni ìyá mi. Inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Dagenham ni ìjọ wọn ti ń ṣe ìsìn: òrùlé páànù, ilẹ̀ kọnkéré. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni bàtà gbogbo wọn máa ń wà, tọmọdé tàgbà, òjò ìbáà máa rọ̀. Bí ènìyàn bá gbà pé ilé ìkẹ́rùsí di ilẹ̀ mímọ́, kí ni kó ṣe nígbà tó bá dé ilé tí wọ́n ti ń gbàdúrà nínú rẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn? Nígbà tí ọkọ̀ yín dé ilé ìjọsìn àtijọ́, ìyá mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dáadáa, ó sì wọlé.

4. Alhaja Suwebat Yẹ̀kínì tó ń gbé ní Whalebone wà nínú ìrìn-àjò náà, òun ló sì ròyìn èyí fún mi. Ó ní òun pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ tòun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí, kí òun tó rí i pé àwọn yòókù ń wọlé lọ tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, bàtà ìyá mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ kan ti mú un lọ síbi tí wọ́n ń kó ohun tó sọnù sí. Ìyá mi bá ń wá a kiri lórí òkúta tútù níta, ibẹ̀ sì ni Arábìnrin Michelle, amọ̀nà yín, ti bá a. Ìyá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ bí wọ́n bá ti kán an lójú, Yorùbá nìkan ló máa ń kù sí i lẹ́nu. Alhaja ti wọ ọkọ̀ ní tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

5. N kò fẹ̀sùn kan Arábìnrin Michelle. Ó ṣe ohun tó tọ́. Ó pe nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù ìyá mi. Nọ́ńbà mi ni.

6. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Vicarage Field, àwọn oníbàárà sì tò síwájú mi. Ó bi mí bóyá ìyá mi máa ń rìn láìwọ bàtà, àti bóyá iyè rẹ̀ ṣì pé. Kíá ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú ìjọ yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Èmi náà ti to bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà yẹn rí, kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nítorí mo ti kàwé títí tí n kò fi mọ ohun tí mo gbà gbọ́ mọ́. Ojú tì mí. Mo sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àgbà ti dé, ó máa ń gbàgbé nǹkan. Ẹ kàn jẹ́ kó jókòó sínú ọkọ̀." Ẹnu mi ni ohun tí ẹ kọ sínú fáìlì ti jáde.

7. Wọ́n sì jẹ́ kó jókòó. Ní Afárá Tówà, ní ààfin, níbi àwọn kìnnìún, àwọn yòókù ń sọ̀ kalẹ̀, òun wà lórí ìjókòó pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá a wá. Nígbà tó délé, mo bi í bí ìlú ti rí. Ó ní, "Dávídì, ẹ̀yìn orí dẹ́rẹ́bà ni mo wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun ni." Ó rẹ́rìn-ín. Àmì kan ṣoṣo ló wà lórí pépà rẹ̀.

8. Ní oṣù Agẹmọ, lẹ́tà yín dé pé, gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nínú fáìlì yín, iyè rẹ̀ ti ń ra, kò sì lè bá yín lọ wo ìlú láti orí odò, àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ó kà á fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi mí pé, "Ta ló sọ fún wọn pé orí mi ò pé?" Mo ní n kò mọ̀. Láti ogún ọdún sẹ́yìn ni mo ti máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sínú ìwé kí n tó sùn. Inú rẹ̀ ni mo ti mú àwọn ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà yìí. Ojú ewé ọjọ́ tí mo ní n kò mọ̀ yẹn nìkan ló ṣófo. Ìyá mi kò tún bi mí mọ́. Bóyá ó mọ̀. Kò tún forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun títí ó fi kú.

9. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ béèrè bàtà náà ní ilé ìjọsìn àtijọ́ yẹn. Wọn kì í tọ́jú ohun tó sọnù ju oṣù mẹ́ta lọ, nítorí náà n kò bá a. Kí n tó wọlé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan mọ́ ju òmíràn lọ. Mo bọ́ bàtà mi. Òṣìṣẹ́ kan sún mọ́ mi, ó bi mí bóyá kò sí nǹkan. Mo ní, "Kò sí nǹkan. Nínú ìjọ ìyá mi, a kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run." Ó ní kò burú, kí n kàn sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìyẹn lọ.

10. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ pa gbólóhùn náà rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí ipò rẹ̀ pé Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá Oyèbánjí bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí pé ó ka ibẹ̀ sí ibi mímọ́, àti pé ọmọ rẹ̀, tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló sọ ohun mìíràn. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀. Alhaja Suwebat ti gbà láti jẹ́rìí bí ẹ bá pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé tó ṣófo yẹn ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, nínú òtítọ́ tó pẹ́ kó tó jáde,

Dávídì Oyèbánjí,
Ọmọ olóògbé.