Ojú Tó Wà Lókè Àjà Ilé Ìsinmi Thornlow

Ojúlé Kejìlá,
Ẹ̀bá Harrow Manorway,
South Thamesmead, London.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Bójú Tó Ilé Ìsinmi Ìgbèríko,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ BÁ WA WÁDÌÍ OHUN TÓ WÀ LÓKÈ ÀJÀ ILÉ ÌSINMI THORNLOW

Olùtọ́jú àwọn arúgbó ni mí ní Woolwich. Lóṣù tó kọjá, èmi, màmá mi àti àbúrò mi Munir lọ sinmi ní Thornlow, abà àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé àlejò lórí òkè, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àfonífojì. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe opó bàbá wa tán ni. Mo fẹ́ kí ara tù wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé, Ìyáàfin Pellow, gbé mílíìkì wá fún wa. Ó rọra sọ fún mi pé: “Ẹ sọ fún màmá yín kí wọ́n má jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá wọn sunkún mọ́. Pákó ilẹ̀ yẹn tutù.” Ẹnu yà mí. Èmi ọmọ wọn kò mọ̀ pé wọ́n sunkún. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ti ilẹ̀kùn, àwọn sì fa aṣọ fèrèsé, kí n má baà mọ̀. Ta ló wá rí wọn?

Munir gbójú sókè nínú yàrá wọn. Ohun funfun róbótó kan wà lókè àjà, ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. A ti rò pé ẹ̀rọ tó ń kígbe bí èéfín bá rú ni, ṣùgbọ́n irú ìyẹn ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọn kò sì jọra. Munir gun àga, ó yà á ní fọ́tò, ó sì rí ojú dígí kékeré láàárín rẹ̀. Bó ṣe nawọ́ sí i báyìí ni fóònù mi dún. Onílé ni: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú nǹkan kan lókè yẹn.” Ẹnikẹ́ni nínú wa kò pè é, ilé tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ àfonífojì lọ́hùn-ún. A di ẹrù wa, a kúrò níbẹ̀ láìjẹun.

Mo kọ̀wé sí i. Ó ní ẹ̀rọ èéfín lásán ni. Kí ló dé, nígbà náà, tó fi pààrọ̀ fọ́tò yàrá náà lórí ìkànnì rẹ̀, tí ọ̀dà tuntun sì wà lójú ibi tí nǹkan náà wà tẹ́lẹ̀? N kò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. N kò rí àwòrán kankan tó yà. Ṣùgbọ́n ara fu mí, àwọn àlejò mìíràn sì ń sùn síbẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ rán ènìyàn lọ yẹ ilé náà wò, kí onílé má mọ̀ ṣáájú. Bó bá yà wá, kí ó sọ ibi tí àwòrán náà wà. Fọ́tò tí Munir yà wà pẹ̀lú ìwé yìí.

Màmá mi kọ́ ló ní kí n kọ̀wé. Láti ìgbà tí a ti dé, wọn kì í sunkún mọ́, àní nínú ilé mi pàápàá. Bí ẹkún bá gbọ̀n wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà, wọ́n á sì gbé e mì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ẹjọ́ mi.

Èmi tó ń retí ìdáhùn yín,
Waheedah Odùfúwà,
Olùtọ́jú arúgbó.