Ọkọ̀ Ìyá Rẹ Tí O Ní Kí N Fi Ta Àwọn Afọ́jú Lọ́rẹ

Ellert, North Dakota
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì

Karin ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Minneapolis? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Kí Ọlọ́run tó mú wa la oṣù Kìíní já máa ṣọ́ ìrìn rẹ lórí yìnyín, kó má jẹ́ kí o ṣubú níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ orúkọ rẹ. Àmín. Èmi náà wà, orúnkún mi wà, ológbò wà. Pastor Gretchen kí ọ. Verlyn òdìkejì títì náà kí ọ, ó tún ti fi ọkọ̀ tó fi ń kó yìnyín wó àpótí lẹ́tà mi, ìdí nìyẹn tí káàdì Kérésì rẹ fi rin gbingbin.

Mo ní kí n kọ̀wé nítorí pé tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, màá pariwo. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìyá rẹ ni. Ìwọ lo ní, Bàbá, Buick yẹn ti wà nínú gáréèjì látọjọ́ tí Màmá ti kú, ẹ fi ta ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn afọ́jú lọ́wọ́ lọ́rẹ kí ọdún tó parí, ìjọba á dín owó orí yín kù. O sọ ọ́ bí ẹni ní kí n da omi tí wọ́n fi fọ abọ́ nù. Mo gbọ́ tìrẹ. Kí ni mo rí níbẹ̀? Gáréèjì tó ṣófo, àti orí fífọ́.

Inú fóònù ni fọ́ọ̀mù wọn wà. Wọ́n bi mí pé ṣé ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fẹ́ sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ téèyàn bá fi sùúrù bá a lò, wọn ò fàyè sílẹ̀ fún un. Wọ́n tún ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, kí n tẹ gbogbo àwòrán tó bá ní bọ́ọ̀sì nínú. Èmi tí mo wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún! Mo tẹ àwọn tó dáa, mo fi àwọn tí táyà wọn ti gbó sílẹ̀ torí pé irú wọn ò yẹ kó wà lójú títì, wọ́n ní mi ò yege. Nígbà tó yá wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá èmi ni. Mo pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé e. Kí lèèyàn ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ fún tí kò ní dúró ti fóònù rẹ̀? Pastor Gretchen ló bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìsìn.

Kí wọ́n tó wá gbé ọkọ̀, mo jókòó, mo kọ ìwé fún ẹni tó máa ni ín, mo fi sínú àpótí kékeré iwájú: bí wọ́n ṣe ń gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó tó lè tì, bí wọn ò ṣe gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru kọjá orí nọ́ńbà mẹ́ta, pé Ardis ìyàwó mi ló ni ín tẹ́lẹ̀, kò sì fi sáré rí. Mo kọ nọ́ńbà mi sísàlẹ̀. Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni mo rántí pé àwọn afọ́jú ni wọ́n ń gbé e lọ fún. Ta ló máa kà á fún wọn? Ta tilẹ̀ ló máa wà á? Mo bi ọkùnrin tó wá wọ́ ọ lọ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Ó ní, Bàbá, wọn ò ní wà á, wọ́n á tà á ni, owó ẹ̀ ni wọ́n á lò. Mo ní ṣé èmi fúnra mi ò lè tà á kí n kówó fún wọn ni? Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó kó yìnyín orí àtẹ̀gùn mi kúrò, ó mu kọfí, ó lọ. Mo dúró lójú fèrèsé títí wọ́n fi yà lẹ́bàá ilé ìkó-àlìkámà. Inú mi ò dùn, Karin. Òórùn ìpara ọwọ́ ìyá rẹ ṣì wà lára àga ọkọ̀ náà.

Ìwé wọn tí mo máa fi han ìjọba nítorí owó orí dé lóṣù tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn tà á ní ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé àádọ́ta, àwọn ò fún mi ní nǹkan kan, àwọn ò sì ṣiṣẹ́ kankan fún mi nítorí rẹ̀. Wọ́n tún fọwọ́ sí i! Mi ò rí irú ẹ̀ rí, kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n wá máa fi ìwé yangàn pé àwọn ò fún un ní nǹkan kan. Irọ́ sì ni. Ọkùnrin yẹn kó yìnyín fún mi, ṣé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn? Mi ò lè fi ìwé irọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi yìnyín sí i, àtẹ̀gùn mẹ́rin. Obìnrin kan pè mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ fi ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ bá obìnrin tó ń bá àwa àgbà ṣe ìwé owó orí ní ilé ìkàwé. Ó ní, Bàbá Haugland, iye tí ìjọba ń yọ kúrò fún gbogbo èèyàn láìbéèrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí ti ju gbogbo ọrẹ yín pa pọ̀ lọ, ìwé yìí ò yí nǹkan kan padà. Sẹ́ǹtì kan, Karin, kò yí i padà! Lásán ni mo jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ ìyá rẹ lọ nínú òtútù. Lọ́jọ́ yẹn mi ò lè jẹun.

Ibi tí mo ti ń bínú lọ́wọ́ ni fóònù ti dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago márùn-ún. Ọmọbìnrin kan ni, Noemi lorúkọ rẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Grand Forks, Texas ló ti wá, kò rí yìnyín rí láyé kó tó débí. Òun ló ra Buick. Ó ní, Bàbá, ẹ má bínú, mo rí nọ́ńbà yín nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ, ọkọ̀ yìí ò dáhùn, wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́ o. Mo bi í pé ṣé ó ki wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ móoru bọ iná mọ́jú. Ó ní wáyà wo. Mo ní èyí tó yọ síta níwájú. Ó ní háà, òun rò pé nǹkan ló já níbẹ̀, òun ti fi ríbọ́ọ̀nù dì í. Ríbọ́ọ̀nù! Nínú òtútù tó ń sọ ẹ́ńjìnnì di òkúta! Mo pariwo mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ ki wáyà bọ iná, ká jọ dúró. A dúró fún wákàtí kan. Mo wá kọ́ ọ kó yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kó ka ení dé ẹẹ́wàá, bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe, kó tó yí i parí. Ó jí. Mo gbọ́ ọ nínú fóònù. Mo mọ ohùn yẹn. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún un pé ológbò fẹ́ jáde, mo pa fóònù.

Ó ti pè lẹ́ẹ̀mẹjọ látìgbà yẹn. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan! Ó bi mí bóyá òun lè da omi gbígbóná sí gíláàsì iwájú kí yìnyín lè yọ́. Omi gbígbóná, kí gíláàsì lè là! Ó fẹ́ pa mí ni. Mo wá ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ báyìí, mo ń gbé kọfí kaná, mo ń fi fóònù sórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ife. Ìwọ, ẹ̀ẹ̀mejì lo pè látọjọ́ Ìdúpẹ́ oṣù Kọkànlá. Mi ò bá ọ jà, mo kàn kà á ni. Ilé yìí dákẹ́ jù.

Verlyn, tẹ́nikẹ́ni ò bi, ní bátìrì tuntun ni ọkọ̀ yẹn ń fẹ́, pé tí wọ́n bá rà á, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ rà á fún ọmọ náà, àánú rẹ jọ ti ìyá rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, má fowó bátìrì ránṣẹ́. Èyí tó wà níbẹ̀ ṣì dáa, sùúrù ló ń fẹ́. Owó fóònù mi ni kí o fi ránṣẹ́, kí wọ́n má baà gé e kí òtútù tó tán, kí o sì fi ti kọfí díẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kó má jẹ́ kí ilé rẹ tutù. Kí ọkọ̀ tìrẹ náà máa jí láràárọ̀. Tí kò bá sì jí, kí o rí ẹni pè. Nọ́ńbà mi ò tíì yí padà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Orrin