Ọ́ìlì Tí Mo Gbàgbé Láti Dà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ó ti rẹ̀ mí. Alùpùpù mi tún kú ní Ibo Road lónìí. Mo tì í dé àdúgbò Noman's Land, sí ọ̀dọ̀ Málàm Sani, mekáníìkì tí mo ti ń yẹra fún láti ọdún mẹ́ta.

Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní pólì ni mo gbàgbé láti da ọ́ìlì sí i nígbà náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gan pa, mo pariwo lójú àwọn oníbàárà Málàm Sani pé òun ló bà á jẹ́. Àwọn kan nínú wọn kò padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lónìí, mo rọra jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Injiniyà! Ọjọ́ tí mo tú u ni mo ti mọ̀. Ó gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́.

"Ariwo lo fi purọ́, o wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tọrọ àforíjì? Padà wá lọ́la, kí o sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn oníbàárà mi."

Ó tún alùpùpù náà ṣe. Ìyàwó mi ní kí n tà á, síbẹ̀ mo ti nù ún títí ó fi ń dán. N kò mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí.

Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn lọ sọ́dọ̀ Málàm Sani.