Ẹ Má Tíì Ta Ẹ̀rọ Bàbá Wa

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Kubwa yìí. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló kan ilẹ̀, torí tòsì ń dùn mí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo kí ẹ̀yin ọmọ ilé, mo kí Ààfáà tó ń bá wa ṣe àdúrà. Mo kí Ràímì àbúrò mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ bá wí.

Lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú, Ràímì ló kà á fún yín, mo sì gbọ́ pé ibi tó wù ú ló kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìyàwó Mùdá ọmọ mi, ẹni tó ń bá mi kọ èyí, fi í ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ lè kà á, kí ẹnikẹ́ni má fo ìlà kankan. Wọ́n ní Ràímì ti bá ẹnì kan tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀, pé kó wá gbé ẹ̀rọ ọlọ bàbá wa lọ ní Sátidé tó máa parí oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní ó ní ẹ̀rọ náà ti kú, pé kí ẹ̀yin fọwọ́ sí i nìkan ló kù. Ìyá mi, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ẹ mọ̀ pé títọ́ ọmọ Mùdá ló gbé mi wá sí Àbújá. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ó ń gbọ́ Yorùbá tí mo bá sọ, Òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn. Mùdá àti ìyàwó rẹ̀ á ti jáde kí oòrùn tó yọ, á wá ku èmi àti ògiri. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo nǹkan, ètè á bẹ́. Nígbà òjò, koríko á máa hù bí ẹni pé wọ́n ń pè é. Koríko yẹn ló gbà mí sílẹ̀. Mùdá ń ta òdòdó lẹ́bàá títì márosẹ̀, ó sì ń bá àwọn onílé ńlá gé koríko. Mo ní kó máa mú mi lọ. Ó ní kí màmá òun jókòó sílé kó máa fa tẹ̀sùbáà. Mo ní mo lè fà á níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́. Kò wúwo tó ọmọ ọdún kan, ṣùgbọ́n bó bá ń han, ara mi á yá gágá. Kì í mu pẹtiróòlù lásán, ẹ gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ ọn. Ojú lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ Mùdá fi ń wọ̀n ọ́n, méjì sì ti nọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mò ń pò ó báyìí. Agolo mílíìkì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì sí èyí tó tún bàjẹ́. Owó tí ẹ ń rí gbà lóṣooṣù, owó epo pípò ni, kì í ṣe àánú Mùdá.

Lákòókò òjò tó kọjá, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Mùdá níbi tí àwọn ológun òfuurufú ń gbé ọkọ̀ wọn sí. Mo bá wọn lọ. Ìyá mi, mo ti rí ẹ̀rọ. Ọ̀kan gbéra níṣojú mi, kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ, àyà ni. Ilẹ̀ gbọ̀n, omi inú kẹ́ẹ̀gì gbọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ di etí, èmi tú gèlè mi kí ohùn rẹ̀ lè wọlé dáadáa. Kí n tó ké ‘Allahu Akbar’ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ṣóńṣó lójú sánmọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó bá ní arúgbó ò gbọ́dọ̀ fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó wá arúgbó mìíràn bá wí.

Àwọn ọkọ̀ tó dúró sílẹ̀, aṣọ pupa ni wọ́n fi dí ẹnu wọn. Mo bi ọmọbìnrin ológun kan, ọmọ Èkìtì, pé kí ni wọ́n dí i fún. Ó ní kí eku àti ẹyẹ má baà wọlé ni, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kí wọ́n tó tan ọkọ̀, torí bó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó, bí kò bá rí atẹ́gùn fà, irin lásán ni. Ó bi mí bóyá mo ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ rí. Mo ní bàbá mi ló kọ́ mi, torí ọmọkùnrin rẹ̀ ń sá fún ariwo. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní irú ẹ̀gbọ́n tòun gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí ni mo gbé dé Kwali. Obìnrin Gbàgyí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ládì. Amọ̀kòkò ni, òun ló ń mọ ìkòkò tí Mùdá fi ń gbin òdòdó. Ọkọ rẹ̀ tó kú fi ẹ̀rọ ọlọ kan sílẹ̀ fún un, ọmọ ìyá ẹ̀rọ bàbá wa gan-an: kẹ̀kẹ́ irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi lórí. Bí wọ́n bá yí i, á dáhùn, á lọ àgbàdo díẹ̀, á wúkọ́, á dákẹ́. Bó bá sinmi di ọ̀sán, á tún dáhùn, á tún dákẹ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti tú u palẹ̀, wọ́n pààrọ̀ èyí, wọ́n pààrọ̀ tọ̀hún, wọ́n wá ní kó tà á fún oníirin. Nígbà tó gbé ìkòkò wá, Ládì sunkún láàárín òdòdó wa. Mo ní kó nu ojú rẹ̀ nù ká máa lọ.

Mẹkáníìkì tó ṣe é kẹ́yìn bá wa níbẹ̀. Ó ń fi Hausa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n gba irin ìyí lọ́wọ́ ìyá arúgbó yìí kó má baà kán lápá. Mo fi àtàǹpàkò mi sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìka yòókù, bí bàbá wa ṣe kọ́ wa, kí irin má baà ṣẹ́ ẹ bó bá ta padà. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó dáhùn. Mo dúró tì í, mo ń gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́. Kì í ṣe ikọ́ aláìsàn ló wú, ohùn ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ni. Mo gbójú sókè wo táǹkì dísẹ́lì. Ìdérí rẹ̀ àkọ́kọ́ ti sọnù, Ládì wá fi amọ̀ mọ òmíràn. Ó sun ún, ó ya alángbá sí i lórí, ó fi rọ́bà bàtà yí etí rẹ̀ ká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu táǹkì títí tí èèrà ò fi lè ráyè kọjá. Kò sí ìdérí tó dára tó o ní gbogbo Kwali. Mo fà á yọ. Táǹkì fa èémí, fìì! Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Mo bi Ládì bóyá ó lè fi nǹkan yẹn dí imú rẹ̀ kó sì tún máa lọ àgbàdo. Ó kígbe kai, ó jókòó sílẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ni òun fi pa ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Mo ní kò pa á, ó kàn tọ́jú rẹ̀ jù ni, torí bí atẹ́gùn ò bá wọ táǹkì, dísẹ́lì ò ní ṣàn dé inú ẹ̀rọ. Mo fi àkísà fẹ́lẹ́ bo ẹnu táǹkì, mo tún yí irin. Ẹ̀rọ dáhùn, kò sì dákẹ́ mọ́. Ó ṣiṣẹ́ títí omi orí rẹ̀ fi ń hó, àwọn obìnrin gbé ọkà bàbà wá tò síwájú rẹ̀, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi di ìrọ̀lẹ́. Mẹkáníìkì ní oríire lásán ni. Mo ní kó máa fi oríire sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ láti òní lọ, torí kò wúwo. Ní báyìí, wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè mí láti Kabusa pẹ̀lú.

Ìyá mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ bàbá wa, ó sì lè jẹ́ pé ó kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ní ó kú. Ràímì ni, tó fi àtàǹpàkò ká irin ìyí lẹ́yìn tí bàbá ti kìlọ̀ fún un, tí irin sì gbá a lọ́wọ́ níṣojú gbogbo obìnrin tó wá lọ ẹ̀lùbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò súnmọ́ ọn mọ́. Ọkùnrin tí ẹ̀rọ nà kọ́ ló yẹ kó jẹ́rìí sí ikú rẹ̀.

Ẹ má dá oníirin dúró. Ẹ jẹ́ kó wá ní Sátidé náà, kó mú ọkọ̀ àti okùn rẹ̀ dání. Màá ti wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti dá mi lóhùn títí di ìrọ̀lẹ́, èmi fúnra mi á bá wọn tì í sínú ọkọ̀, kí Ràímì fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ọjọ́ ikú mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bó bá dáhùn, títà ti parí, àwọn ọmọbìnrin ilé wa ló ni kọ́kọ́rọ́ ilé ọlọ, màá sì kọ́ wọn bí bàbá ṣe kọ́ mi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn nínú àlàáfíà, ojú yín ò ní rí ìbànújẹ́ ọmọ. Mùdá kí yín, ìyàwó rẹ̀ kí yín, ọmọ wọn fi Òyìnbó kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni kí ẹ ti rẹ àgbàdo ògì sómi, ìyá mi, kí ẹ sì rẹ ẹ́ púpọ̀. Mi ò ní yí ẹ̀rọ lásán.

Èmi ni Ràbíátù, ọmọ yín.