Adájọ́ Tó Sọ Délé Di Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Àìkú, Ìgbọ̀nà

Olè ni àwọn adájọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ wa gbá òyìnbó yẹn ṣubú lójú gbogbo ayé, síbẹ̀ òyìnbó ni wọ́n gbé bẹ́líìtì fún.

Ká tó wo ìjà, èmi àti Délé tó wà lẹ́yìn òyìnbó ti ṣàdéhùn: ẹni tí tiẹ̀ bá fìdí rẹmi á máa pe ìkejì ní ẹ̀gbọ́n fún oṣù kan gbáko. Délé tí mo pọ̀n rí!

Ó ní, "Àbúrò, ṣé o ò rí mi ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń payín keke.

Kò burú. Láàárọ̀ ọ̀la màá kí i, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Ṣùgbọ́n ohùn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é tó bá fẹ́ nà án ni màá fi kí i. Ká wo ibi tí ẹ̀gbọ́n máa sá gbà.