Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Ń Rẹ Ọmọ Lẹ́kún

Mọ́ńdè, 4 oṣù kẹta
Orin ọkọ mi dé orí rédíò lónìí. "Má Sunkún Tán." Olóhùn — bí mo ṣe ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn, kò gbọdọ̀ gbọ́ — ní ojú oorun ni wọ́n ti fi orúkọ yẹn han òun. Ojú oorun ta ni? Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún Ariwo, ọmọ wa: "Má sunkún tán lónìí, fi díẹ̀ sílẹ̀ dọ̀la." Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti gbọ́. Mo fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ mi náà ni.

Túsìdeè, 5
Ariwo ké. Mo rẹ̀ ẹ́. Ó tún ké.

Fúráìdeè, 8
Wàhálà dé. Pátákó fíìmù tuntun wà ní títì, ó ga ju ilé lọ: MÁ SUNKÚN TÁN. Olóhùn délé, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹnì kankan kì í ya fíìmù ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹnì kan ti gbé orúkọ orin òun jáde nínú ilé yìí, ó ti pẹ́. "Tí mo bá mọ̀ ọ́n, á kó ẹrù ẹ̀!" Ìyá ẹ̀ ń wò mí. Èmi ń wo ilẹ̀.

Sátidé, 9
Mo ti rántí. Àǹtí Onídìrí, tó ń dirun lójúlé kejì! Nígbà kan, orí mi wà lọ́wọ́ ẹ̀, Ariwo ń ké lórí ẹsẹ̀ mi, mo fi "má sunkún tán" rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí kóòmù fi bọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, tún un sọ!" Mo tún un sọ. Ẹnu mi yìí! Òun ló sì ń dirun fáwọn òṣèré.
Mo ti kó aṣọ Ariwo sínú báàgì, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibo ni mo ń gbé e lọ? Bàbá mi ti ní kí n má padà wá.

Wẹ́sìdeè, 13
Olóhùn lọ bá Onífíìmù jà. Onífíìmù ní ojú oorun ni wọ́n ti fi han òun náà. Ojú oorun yẹn mà fẹ̀ o! Wọ́n fara wọn láṣọ ya. Èmi ni mo ń rán ti Olóhùn. Ìyá ní, "Ìyàwó, o rán apá ẹ̀wù mọ́ ọrùn." Mo ní oorun ni, Mà. "Oorun, lọ́sàn-án gangan?"

Sọ́ńdè, 17
Mo bẹ Àǹtí Onídìrí pé kó má dárúkọ mi. Ó ní, "Orúkọ ẹ kẹ̀? Mo ti sọ fún Onífíìmù pé èmi ni mo ro ó. Òun náà ti sọ fáráyé pé òun ni." A rẹ́rìn-ín. Ìdí mi ò balẹ̀.

Tọ́sìdeè, 21
Ìjà parí. Orin Olóhùn máa wà nínú fíìmù. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ẹ̀mí kan náà ló bẹ àwọn méjèèjì wò. Mo tú báàgì.
Ìyá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. "Èmi náà máa ń gbọ́ ẹ láti yàrá mi. Gbogbo orin tí bàbá ọkọ ẹ kọ, ẹnu mi ló ti ń ká a. Má fi ọ̀rọ̀ rẹ ọmọ mọ́. Pa ẹnu dé, kùn ún ni."
Mo ń kùn ún. Mm-mm. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà lórí ahọ́n mi, ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. N ò tiẹ̀ ní kọ ọ́ síbí.
Olóhùn ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Bírò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ariwo ò ké lónìí ni?"