Bàbá Tó Na Ọwọ́ Méjèèjì: Ìgbésí Ayé Walter Hrynkiw (1938–2024)

A bí Bàbá wa, Walter Hrynkiw, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1938, nínú oko ọkà lẹ́bàá Dolyna ní Saskatchewan. Petro àti Maria, tí wọ́n wá láti Ukraine, ni òbí wọn. Lórí adágún tó di yìnyín lẹ́yìn ilé ni Bàbá ti kọ́ họ́kì. Wọ́n kàwé dé kíláàsì kẹjọ kí iṣẹ́ oko tó gbà wọ́n.

Ní 1962, wọ́n gbé Nadia, màmá wa, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́talọ́kan Mímọ́, níbi tí wọ́n ti sin Ọlọ́run títí dọ́jọ́ ikú. Láti 1970 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní họ́kì, pàápàá bí a ṣe ń fi èjìká kọlu ẹlòmíì láìṣe é léṣe. “Iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́,” wọn a wí. “Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí ọ, fi í sílẹ̀.”

Ní 1986, níbi ìdánrawò, ọmọ kan kọlu Greg, àbíkẹ́yìn wọn, láti ẹ̀yìn, ó sì gbá a mọ́ ògiri pápá. Fèrè wà lẹ́nu Bàbá, ṣùgbọ́n kò tíì dún. Títí dòní, ọrùn Greg kì í yí tán. A rò pé Bàbá yóò jáwọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé wọ́n padà síbẹ̀. Kò yé wa.

Ní 2012, àwọn òbí dìbò: ṣé kí ìkọlura bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí kí ó di mẹ́tàlá? Bàbá nawọ́ fún mọ́kànlá, wọ́n tún na ọwọ́ kejì fún mẹ́tàlá.

“Walter, èwo ni ká kà?” ni akọ̀wé bi wọ́n.

“Ka méjèèjì, Doris. Èmi ni mo ni wọ́n.”

Mẹ́tàlá borí. A kò mọ èyí tí wọ́n fẹ́.

Lóṣù tó kọjá, Greg jókòó tì wọ́n ní ọsibítù. Taras ọmọ rẹ̀ ti pé mẹ́tàlá, ó sì fẹ́ wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń kọlura. “Bàbá, ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀?”

“Ẹ rán àmì pupa yẹn mọ́ ẹ̀yìn kóòtù tí ẹ máa fi sin mí.”

Àmì DÚRÓ ni, tó wà lẹ́yìn jẹ́sì gbogbo ọmọ ìlú wa kí ẹnikẹ́ni má bàa kọlù wọ́n láti ẹ̀yìn. Greg ní ìdáhùn òun nìyẹn, àmọ́ òun kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá kàn mú abẹ́rẹ́ àti òwú.

“Dido máa fẹ̀yìn lélẹ̀,” ni Taras sọ nípa bàbá àgbà rẹ̀. “Ta ló máa rí i?”

“Ilẹ̀,” ni Màmá dáhùn.

Bàbá dágbére fáyé ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án. Láàárọ̀ àná, Greg fọwọ́ sí ìwé Taras, ó sì fi fèrè Bàbá sápò: òun ni yóò máa dúró létí pápá. A kò bi í ní ìdí mọ́.

Bàbá fi Màmá Nadia sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Oksana, Marlene àti Greg, ọmọ-ọmọ méje, àti àrọ́mọdọ́mọ kan.

Bàbá, ẹ sùn re o. Kí ilẹ̀ rí àmì ẹ̀yìn yín, kí ó rọra gbà yín.